Oògùn Ibà: Láti Oko Ni Ètò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe oògùn ibà àti àwọn ìjọba tó ń rà á fi òwe yìí sọ́kàn.

Nígbà tí chloroquine kò kápá ibà mọ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní lọ́dún 2001 pé kí wọ́n máa lo oògùn alápapọ̀ tí à ń pè ní ACT. Nàìjíríà gbà á lọ́dún 2005. Ara ewé kan, Artemisia, ni wọ́n ti ń yọ èròjà rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní Ṣáínà, Vietnam àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ló ń gbìn ín. Láti ìgbà tí wọ́n bá gbìn ín títí oògùn yóò fi délé aláìsàn, ó lè tó oṣù 18.

Ilé iṣẹ́ lè yí ètò ọ̀sẹ̀ kan padà: oògùn wo ni ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣe, ìgbà wo ni wọn yóò fọ ẹ̀rọ kí oògùn kan má baà dà mọ́ èkejì. Ṣùgbọ́n kò sí ètò ọ̀sẹ̀ tó lè mú ewé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn hù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2004 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè béèrè oògùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ewé kò tó, oògùn wá ṣọ̀wọ́n. Lọ́dún 2005, owó kílò kan èròjà náà kọjá dọ́là 1,000. Ni àwọn àgbẹ̀ bá rọ́ lọ gbìn ín. Nígbà tó máa fi di 2007, owó náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí dọ́là 200, ọ̀pọ̀ wọn sì pa oko náà tì. Ẹni tó bá ti dá oko kòkó rí mọ bí ó ṣe ń dunni.

Àwọn kan lè ní ta ló mọ iye ènìyàn tí ibà yóò mú lọ́dún tó ń bọ̀? Òótọ́ ni. Àgbẹ̀ náà kò mọ iye òjò tí yóò rọ̀, síbẹ̀ ó ń kọ ebè. Kí ìjọba sọ iye tí yóò rà ní ọdún kan àbọ̀ ṣáájú, kó sì sanwó lásìkò. Kí ilé iṣẹ́ bá àgbẹ̀ ṣàdéhùn iye owó ewé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa tún ètò náà yẹ̀ wò lóṣooṣù, nítorí oògùn tó bá pọ̀ jù lórí àjà yóò bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, torí òkè òkun ni ìyẹ̀fun tí àwọn ilé iṣẹ́ wa fi ń ṣe oògùn yìí ti ń wá. Bí a bá dúró títí àjà fi ṣófo ká tó béèrè, ọjà yóò wà lórí omi, ọmọ yóò wà lórí àìsàn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.