Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ kí a jọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan. Láìpẹ́ yìí ni mo yà sí ibi kan ní ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ojú, èyí tí wọ́n ń pè ní makiyaajì. Ọmọ kan ń ṣe ojú ẹnì kejì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fún fọ́tò, irú èyí tí ó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn oge. Adúmáadán ni ọmọ tí ó jókòó, àwọ̀ rẹ̀ ń dán bí kóró iṣin. Àtíkè tí wọ́n fi kùn ún mọ́ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ jìnnà. Ojú gba ọ̀nà tirẹ̀, ọrùn gba ọ̀nà tirẹ̀. Nígbà tí iná fọ́tò kọ mànà, ojú ọmọ náà dà bí èyí tí a da eérú sí. Ọ̀gá wọn pàtẹ́wọ́, ó ní: «Ó ti mọ́ wàyí.»

Èmi kò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí ó ń sọ fún ọmọ pé àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá fún un jẹ́ àbùkù tí a gbọ́dọ̀ bò, kì í ṣe ẹ̀kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ìtìjú ni. Láti orí irú àtíkè bẹ́ẹ̀ dé orí ìpara abóra tí ó ní mẹ́kúrì nínú, tí ń ba awọ ara àti kíndìnrín jẹ́, ìrìn díẹ̀ ló kù.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ fọ́tò ló fà á, pé ojú dúdú kì í yọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ ti ilé iṣẹ́ Kodak gbòde, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni àwọn tí ń fọ fọ́tò fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Ojú tí kò bá jọ ti Shirley a ṣókùnkùn. Nígbà tí àtúnṣe yóò sì dé, àwọn tí ń polówó ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi wà lára àwọn tí ẹjọ́ wọn mú kí ó yá, nítorí ọjà wọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò. Òṣùwọ̀n ló wọ́, ẹ̀yin ará, kì í ṣe ojú wa. Ẹni tí ó bá sì ń ṣiyèméjì, kí ó lọ wo àwòrán tí Seydou Keïta yà ní Bamako, tàbí èyí tí Leonce Raphael Agbodjelou ń yà ní Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Kí ni ọ̀ṣọ́ ojú fún ìwé ìròyìn oge? Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìyàwó. Ọ̀ṣọ́ ìyàwó fẹ́ kí ojú fani mọ́ra. Èyí fẹ́ kí ojú sọ ìtàn. Ayàwòrán, aránṣọ, onídìrí àti ẹni tí ń ṣe ojú lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń sọ. Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá kí ó tó mú àtíkè lọ́wọ́. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé dídán àwọ̀ dúdú gan-an ló ń fa egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ nínú àwòrán. Ẹni tí ó bá fi àtíkè pa dídán yẹn, fìtílà ló pa.

Ohun èlò kò sì wọ́n wa. Osùn ń bẹ, ẹfun ń bẹ, tìróò ń bẹ, làálì ń bẹ. Àwọn tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu àti àyíká rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ bí a ti ń fi àwọ̀ sọ̀rọ̀ lójú, kí èrò lè kà á láti òkèèrè. Ní 2001 ni UNESCO kéde iyì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé. Ní 2016, Laolu Senbanjo, ọmọ Yorùbá tí ó ti ṣe agbẹjọ́rò rí, fi àwọ̀ funfun fa ọnà ilẹ̀ wa sí ara àwọn oníjó nínú Lemonade, iṣẹ́ Beyoncé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ayé kò ní ra ohun tiwa, kí ni ẹ rí sí èyí?

Àwọn àgbà kan ń wí pé iṣẹ́ aláìníṣẹ́ ni. Ìyá tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ta ló fi osùn kùn ún lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀? Ṣé aláìníṣẹ́ ni onítọ̀hún?

Èmi kò sì sọ pé kí a kó gbogbo ohun tó wà nílé jáde bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ẹfun àti osùn orí ìyàwó òrìṣà ní ẹni tí ó ni ín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Tìróò mìíràn ní òjé nínú. Ẹ má fi sí ojú ẹnikẹ́ni. Ìlà rẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ fi ohun ìkunjú tí kò léwu fà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́, ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọ̀gá bá fún yín ní àtíkè tí kò bá ọrùn mu, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ìdí. Ẹgbẹ́ wa náà, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ìyá tí ó mọ osùn lọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí kí ọwọ́ wọn tó sinmi.

Ẹ gbójú sókè wo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Dúdú ni àpáta wọn, síbẹ̀ àwọn àlejò ń dúró ya fọ́tò wọn. Ta ló ti fi ẹfun kùn wọ́n rí kí wọ́n tó lẹ́wà?