IGÚN LỌ, EKU DÉ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó ń dìbò, ó sì kan ẹni tó ń gba owó oṣù. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ àti ẹranko tí ń bẹ láàárín wa ní ìgboro Ìbàdàn ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun kan: nígbà wo ni ojú rẹ̀ rí igún kẹ́yìn?

Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún kò ní ṣàì rántí pé igún kì í wọ́n nígbà kan rí lórí òrùlé páànù, lórí ààtàn, àti ní àyíká ibi tí a ti ń pa màlúù. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wò wọ́n. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kò mọ igún bí kò ṣe nínú òwe àti nínú àlọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ eku. Eku ń sáré lórí àjà, ó ń jẹ ìwé, ó ń jẹ gàrí, ó ń bímọ sínú àpótí aṣọ. Ẹni tí kò ṣe wá ní ibi ti lọ, ẹni tí ń ṣe wá ní ibi ti dé. Kí ló fà á, ta ni ó sì yẹ kí a bi? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyí.

Kí a má ṣe rò pé ti ènìyàn nìkan ni ìlú, kí a sì rò pé ti ẹranko nìkan ni igbó. Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn àgbà sọ pé orúkọ ìlú wa ti wá. Ìtàn sì fi yé wa pé nígbà tí ogun lé Lágelú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gun orí òkè, ìgbín àti èso òro ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró. Ìlú tí ìgbín gbà là kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀dá inú igbó kò kan òun.

Títí di òní, ẹ̀dá wọ̀nyí kò tíì fi wá sílẹ̀ tán. Lékeléke ń tẹ̀lé màlúù kiri. Ẹ̀gà ń kọ́lé sórí ọ̀pẹ, ó sì ń pariwo láti òwúrọ̀. Àwòdì ń rá bàbà lókè ọjà. Ọmọ́nílé ń ṣọ́ kòkòrò lẹ́bàá iná, àdán sì ń jáde ní ìrọ̀lẹ́. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa níwájú gbogbo ayé. Ní 1958, Ọ̀gbẹ́ni J. H. Elgood, olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, kọ̀wé nípa ẹyẹ dúdú kan tí orí akọ rẹ̀ pupa bí iná, ìbátan ẹ̀gà, ó sì sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis. A kò rí ẹyẹ yìí níbòmíràn ní gbogbo àgbáyé bí kò ṣe ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Díẹ̀ nínú wọn ń gbé inú igbó tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, fi ọgbà yí ká. Mélòó nínú wa ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ orúkọ Ìbàdàn?

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí igún. Àwọn baba wa ní, a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òwe, ó sì jẹ́ òfin pẹ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé igún ni ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ kí ó tó di àìsàn fún ìlú, àti pé bí igún bá bà lé ẹbọ tí ó sì jẹ ẹ́, wọ́n gbà pé ẹbọ náà dà. Ẹyẹ tí kò bèèrè owó iṣẹ́, tí kò sì da iṣẹ́ sílẹ̀ rí, òun ni wọ́n fi òfin èèwọ̀ dáàbò bò. Ìjọba ìlú wọn kò ní ọkọ̀ akólẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní igún.

Àwa ni a rú òfin náà. Àwọn kan ń pa igún láti fi orí àti ìyẹ́ rẹ̀ ṣe oògùn, a sì ń tà á ní gbangba ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò oògùn. Àwọn mìíràn ń fi májèlé sínú ẹran láti pa ajá tàbí ẹranko búburú, igún ni ó sì ń bá a lọ. Àwọn igi ńlá tí ó ń kọ́lé sí, a ti gé wọn lulẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyin kan ṣoṣo ni irú igún tó wọ́pọ̀ nílùú wa máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹni tó bá pa àgbà igún kan ti da iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún nù. Ní 2015, IUCN, àjọ tí ń ka iye ẹ̀dá orí ilẹ̀ ayé, fi irú igún yìí sí ipò àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n pa rẹ́. Ní 2020, ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, igún tó lé ní 2,000 ni májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé igún kú, kí ló kàn mí, kí ó bojú wo ilẹ̀ Íńdíà. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùsìn màlúù níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn ìrora kan, diclofenac, fún ẹran wọn. Igún tó bá jẹ òkú irú ẹran bẹ́ẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ a bàjẹ́, a sì kú. Kí ìjọba tó fi òfin de oògùn náà fún ẹran ní 2006, igún Íńdíà ti kú tán bí eṣinṣin. Òkú ẹran wá ń jẹrà ní pápá, ajá ìgboro ń pọ̀ sí i, omi sì ń bàjẹ́. Ní 2024, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣe ìṣirò pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ló ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ láàárín 2000 sí 2005. Ẹyẹ tí a rò pé kò wúlò ni ó ń dá ikú dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Níbi tí a dé yìí, kí a má purọ́: igún kì í pa eku. Ṣùgbọ́n ohun tí igún ì bá jẹ, eku àti ajá ni ń jẹ ẹ́ nísinsìnyí. Bí ààtàn bá ti ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ eku ń pọ̀ sí i. Eku kò sì wá lásán. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó lónìí. Láti ìgbà náà ni ó ti ń pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè wa. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó ní àìsàn náà ni ó ń kó o ran ènìyàn, nígbà tó bá kan oúnjẹ tí a kò bò. Gàrí tí a sá sí etí títì, ẹ̀bà tí a ṣí sílẹ̀ mọ́jú, ọ̀nà tí ikú ń gbà wọlé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń pa òwìwí, tí ń jẹ eku lóru, tí a ní ẹyẹ àjẹ́ ni.

Ejò pẹ̀lú ń tẹ̀lé eku. Àdúgbò tí ṣèbé ti jáde láti inú gọ́tà, àwọn ará ibẹ̀ a fi igi àti òkúta lé e, wọn a sì ní ayé ń bá àwọn jà. Ayé kọ́, gọ́tà tí ilẹ̀ dí ni. Níbi tí eku àti ọ̀pọ̀lọ́ bá ti rí ibi sá sí, ejò yóò wá oúnjẹ rẹ̀ débẹ̀. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, kí a má fi abẹ sín in, kí a má fi ẹnu fa oró náà, kí a má sì fi okùn dì í pinpin. Kí a má jẹ́ kí ó rìn púpọ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Gọ́tà kan náà tí ejò ń gbé ni omi ń kọ̀ láti gbà kọjá. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, 1980, tí odò Ògùnpa kún bo ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ, 2011, tí àgbàrá tún gbé ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ. Òjò ni ó rọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa ni a da ilẹ̀ sínú odò, àwa ni a kọ́lé sí bèbè rẹ̀, àwa ni a sì fi iyanrìn dí àbàtà tí omi ì bá ti sinmi. Eku, ejò àti àgbàrá, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ààtàn ni ìyá wọn.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé tálákà kò ní ibi tí yóò da ilẹ̀ sí, kí ni kí ó ṣe? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. A kò lè bá ìyá arúgbó wí pé ó da ilẹ̀ sínú gọ́tà, nígbà tí kò sí àgbá ilẹ̀ kan ní gbogbo àdúgbò rẹ̀. Nígbà ayé Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wolé-wolé ń wọ agbo ilé, ó ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀, ó sì ń mú ẹni tí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bá dọ̀tí lọ sí kóòtù. A bẹ̀rù rẹ̀, a tilẹ̀ bú u, ṣùgbọ́n ìlú mọ́. Iṣẹ́ ìmọ́tótó kò ṣeé fi sílẹ̀ fún àánú, àfi kí ẹnìkan wà tí a lè bi.

Ẹni náà wà. Ìwé Òfin Ìpìlẹ̀ ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, fi kíkó ilẹ̀ dànù, àbójútó ilé ìpẹran àti ọjà, àti títún gọ́tà ṣe, sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó wà ní ilẹ̀ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kankan kọjá, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni kí ó bọ́ sí. Nítorí náà, alága tó bá ní ìpínlẹ̀ ni kò fún òun lówó kò ní àwáwí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́ lójú òfin.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ àǹkóò, tí ẹ ń lu ìlù, tí ẹ sì ń gbé olóyè yín gun ẹṣin, ẹ̀yin ni a ń bá wí. Ẹ má ṣe bi ẹgbẹ́ kejì léèrè, ẹ bi tiyín. Bí kánsílọ̀ yín bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi í ní ohun mẹ́rin. Èkíní, níbo ni àwọn ará wọ́ọ̀dù yóò máa da ilẹ̀ sí, ọjọ́ wo ni wọn yóò sì máa kó o? Èkejì, ta ni yóò gbá gọ́tà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé? Ẹ̀kẹta, níbo ni ẹ̀jẹ̀ àti egungun ilé ìpẹran ń lọ, ṣé inú odò ni? Ẹ̀kẹrin, ta ni ó fún ẹni tó ń kọ́lé sí bèbè odò Ògùnpa, Kúdẹtì àti Ọ̀nà ní ìwé àṣẹ? Bí kò bá rí èsì fọ̀, kí ẹ fi ìbò yín fún ẹni tó ní èsì, ì báà jẹ́ nínú ẹgbẹ́ kan náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín kò kéré. Ẹ fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan, kí àwọn ọmọ máa kọ ẹyẹ àti ẹranko tí wọ́n bá rí sínú rẹ̀: ọjọ́ wo, àdúgbò wo, mélòó. Kí wọ́n kọ gọ́tà tó dí àti ààtàn tó ga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ti lè fi han alága ìjọba ìbílẹ̀ ibi tí eku ti pọ̀ jù, ibi tí ẹ̀gà ṣì ń kọrin, àti ibi tí igún kan ti fò kọjá bí ó bá fò. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòro láti fi ẹ̀tàn dá lóhùn. Ẹ sì kọ́ wọn pé òfin àwọn baba wa lórí igún kì í ṣe àìmọ̀kan, ọgbọ́n ìlera ìlú ni.

Ní ti àwọn tí ń pa igún tà, kí ìjọba má ṣe wojú wọn. Kí ìgbìmọ̀ ọjà, àwọn babaláwo àti àwọn oníṣègùn fúnra wọn fi òfin dè é, nítorí àwọn ni wọ́n mọ èèwọ̀ rẹ̀ jù.

Igún kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú, eku kò sì mọ ilé olówó yàtọ̀ sí ti tálákà. Ìlú tó bá gbá ilẹ̀ rẹ̀ yóò rí èyí tó sàn padà. Èyí tó bá kọ̀, ilé ni eku yóò ti máa jọba lé e lórí. Kí olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ilé tirẹ̀, kí ó sì bèèrè èyí tó kù lọ́wọ́ ẹni tó gba ìbò rẹ̀.