Ìwúkàrà Lè Ṣe Oògùn, Ta Ni Yóò Rà Á?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GSK tó ni Augmentin kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, owó oògùn náà sì fò sókè. Ilé ìwòsàn ńlá Ṣàgámù kò jìnnà sí aláìsàn tó wà ní Ijoku, ṣùgbọ́n bí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká oògùn, ẹyọ díẹ̀ ni yóò rà. Kòkòrò àrùn tí oògùn kò pa tán a sì máa le sí i. Lọ́dún 2019, irú kòkòrò olóríkunkun bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 lágbàáyé.

Àwọn onímọ̀ ń tún àbùdá àwọn kòkòrò tí kì í ṣe ènìyàn léṣe ṣe, kí wọ́n lè máa pèsè èròjà tó ń pa kòkòrò àrùn, dípò àǹtíbáyọ́tíìkì àtijọ́. Ìrètí ni, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tíì jó. Jay Keasling ní Kalifóníà ti fi ìwúkàrà ṣe èròjà oògùn ibà artemisinin rí; Sanofi sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá ní 2013. Kò pẹ́ tí èyí tí wọ́n ń yọ láti ara ewé fi pọ́ọ́kú ju tirẹ̀ lọ, Sanofi sì ta ilé-iṣẹ́ náà. Ìmọ̀ kò kùnà. Oníbàárà ni kò sí. Nítorí náà, kí ìjọba Ògùn tó kọ́ yàrá ìwádìí kankan, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ra oògùn tó bá tibẹ̀ jáde fún àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀, ní iye tí aláìsàn Ijoku lè san.