Àwokòtò Òfìfo Lójú Gbogbo Ayé

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a mọ ìtumọ̀ 0-1-0. Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀, tí ó jẹ lọ́sàn-án, tí ó sì mu omi sùn lálẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni a máa ń fi í ṣe. Ẹ̀fẹ̀ náà ni ó ń bí mi nínú. Nítorí pé a ti sọ ebi di àwàdà, ojú ń ti ẹni tí ebi ń pa láti sọ̀rọ̀. Yóò ní òun ń gbààwẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ràmàdáánì ti lọ tipẹ́.

Ní ọdún 1990, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan, John Hartom, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi amọ̀ mọ àwokòtò. Wọ́n pe àwọn ènìyàn wá jẹ ọbẹ̀ àti búrẹ́dì lásán, wọ́n sì dáwó fún àwọn tí ebi ń pa. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, oníkálukú gbé àwokòtò òfìfo tirẹ̀ lọ sílé, kí ó máa rán an létí àwọn tí àwo wọn kì í kún. Òun àti Lisa Blackburn sọ ètò náà ní Empty Bowls, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ohun tí ó wú mi lórí ni pé àwo òfìfo ń sọ̀rọ̀ ebi láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni.

Ṣé ìkòkò wá ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa ni? Ní Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja lónìí, ní ìpínlẹ̀ Niger yìí kan náà, ni Michael Cardew ti dá ilé ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi (àwọn tí a mọ̀ sí Gwari), wọ ibẹ̀ ní 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn náírà ogún wò: òun àti ìkòkò rẹ̀ nìyẹn, lára owó tí kò lè ra gààrí ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́!

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé iṣẹ́ ọnà kò kan ebi. Hubert Ogunde gbé Strike and Hunger sórí ìtàgé ní 1945, ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́, títí kan ti rélùwéè, daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà.

Ìmọ̀ràn mi fún Ọjọ́ Yorùbá wa nìyí. Kí a yọ nínú owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá, kí a fi ra ìkòkò ńlá mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn ìyá Gbagyi: ọ̀kan fún gààrí, ọ̀kan fún ìrẹsì, ọ̀kan fún ẹ̀wà. Kí àwọn tí ó mọ ọnà yà nínú wa ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, kí a sì gbé wọn sí ojú ọ̀nà tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, kì í ṣe inú gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó bá ní, kí ó bu múdù kan sí i. Lálẹ́, a ó di í sínú ọ̀rá dúdú, ẹni tí ó nílò rẹ̀ yóò gbé e. A kò ní béèrè orúkọ, a kò sì ní ya fọ́tò. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí kì í ṣe kékeré o! A ti rí ìrẹsì olóṣèlú tí àwòrán ara àpò rẹ̀ tóbi ju oúnjẹ inú rẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní ẹni tí ebi kò pa náà yóò wá gbé. Ó ṣeé ṣe. Bí ẹni méjì bá rẹ́ wa jẹ, tí ẹni mẹ́wàá sì jẹun sùn, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni kí a palẹ̀ ìkòkò mọ́ lọ́jọ́ kejì ayẹyẹ. Kí wọ́n wà níta títí ìdánwò yóò fi parí, nítorí ìgbà náà ni owó máa ń tán lápò jù. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n ṣì ṣófo, gbogbo wa ni a ó rí i bí a ṣe ń ti kíláàsì bọ̀.