Àfòpiná Tí Kò Lè Fò

Àfòpiná, èyí tí ń fò pa iná: ọ̀rọ̀ náà ṣe àlàyé ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rọrùn fún olùkọ́ láti sọ ìtumọ̀ orúkọ di oríkì ẹ̀dá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí òtútù kò tí ì kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àfòpiná a máa gbé àpótí oníná síta lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a ka ohun tí ó wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a sì tú u sílẹ̀. (Nítorí náà, n kò ní pè é ní pàkúté.) Alsophila aescularia a máa wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ nìkan ni. Abo kò ní ìyẹ́. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń gun igi, yóò sì yé ẹyin yí ẹ̀ka tínrín ká bí ẹ̀gbà. Archiearis parthenias ńkọ́? Ọ̀sán gangan ni ó ń fò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gba oríkì yẹn gbọ́ yóò ka àkọsílẹ̀ náà, yóò sì rò pé kò sí abo nínú igbó. Kí àfòpiná máa jẹ́ orúkọ gbogbo wọn; ṣùgbọ́n kí a yọ iná kúrò nínú oríkì wọn.