Ẹ Fẹsẹ̀ Dé Kofar Mata Kí Ẹ Tó Bú Pillars

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la gbé wá lónìí. Ẹni tó bá ń sọ pé kí ló kan àgbàlagbà ọlọ́jà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, kó ní sùúrù, kó kà á dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé tí Kano Pillars bá ti ta ọ̀mì nílé báyìí, kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gáríbì, àwọn èèyàn wa ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù. "Pillars ti kú." "Láti 2014 wọn ò rí líìgì gbà mọ́." "Kí la fẹ́ fi irú ẹgbẹ́ yìí ṣe?" A wá bi àwọn tó ń sọ ọ́ léèrè, níwájú ṣọ́ọ̀bù wa níbí, pé ìgbà wo ni wọ́n dé pápá Sani Abacha kẹ́yìn. Ọ̀kan ní ìgbà tí òun wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ọ̀kan ní ìgbà tí wọ́n wá gbá ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 2009. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n bí sí Kano, tí òun náà ti bímọ mẹ́ta ní Kano, ò dé ibẹ̀ rí. Ẹlòmíì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé tẹ́tẹ́ nìkan ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé Pillars ní eré. Tí tẹ́tẹ́ rẹ̀ bá já, kíá ló di olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tí inú ń bí. Ẹni tí ò dá sí owó ẹran, tí ò bá wọn dáná, òun ló ń pariwo pé ọbẹ̀ ò dùn.

Kofar Mata ò jìnnà sí wa. Adaidaita Sahu kan ṣoṣo ló máa gbé èèyàn débẹ̀ láti Sabon Gari. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le á fẹsẹ̀ rìn ín. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbá a. Ṣọ́ọ̀ṣì ti jáde nígbà yẹn, àsàlátù ti tú ká. Ibo la máa ń wà? Inú ilé ìwòran, lórí bẹ́ǹṣì, èèyàn lé èèyàn, à ń làágùn, à ń bá Arsenal àti Manchester United ké. A ò ní ká má wò ó o. Àwa náà ń wò ó. Saka tó ń gbá fún Arsenal, ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀, inú wa máa ń dùn tó bá jẹ góòlù. Àmọ́ ọmọ tó mọ ẹsẹ̀ tí Saka fi ń gbá pẹnáritì, tó mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà máa jinná tó bá fara pa, tí kò wá lè dárúkọ ẹni tó ń ṣọ́ ilé fún Pillars, ìyẹn ti kọjá ìfẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Àwa ń filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù, a tún ń bú tilé pé ìdí rẹ̀ ṣófo.

Kí la tiẹ̀ ń retí lọ́wọ́ Pillars ná? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. 1990 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, nígbà tí líìgì Nàìjíríà di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Owó ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ló ń gbé e ró. Ó gba líìgì ní 2008, ó tún gbà á ní 2012, 2013 àti 2014, mẹ́ta tẹ̀ léra. Ní 2009, ó já Al Ahly ti Íjíbítì kúrò nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà, ó sì bá wọn dé ibi tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ní 2019, ó gba Aiteo Cup. Ní 2022, ó já sí ìsàlẹ̀, ní 2023 ó ti gòkè padà. Ẹgbẹ́ tó ní irú ìtàn yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. Kì í sì í ṣe Real Madrid. Ẹgbẹ́ àárín ni. Ọdún kan á dùn, ọdún méjì á korò, ọmọ kan á yọ, wọ́n á tà á, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ṣé ọjà tiwa náà kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀? Ta ló ń pa owó ọjà ọdún lójoojúmọ́ nínú wa? Tí ọjà bá kú ní oṣù February, ṣé a máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pa, ká lọ máa pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń tajà ní Dubai? Owó tí àwọn tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n fi ń ra agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, tí a bá ta gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, a ò ní rí i. A wá ní kí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kofar Mata ṣe bíi tiwọn, láìsan owó ìwọlé ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí irú ẹgbẹ́ àárín bẹ́ẹ̀ lè fún èèyàn, tí Chelsea ò lè fún wa láéláé. Sáà 2009 sí 2010, ọmọ kan wá láti Jos, ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Pillars. Ọmọ ọdún 17 ni. Góòlù 18 ló jẹ ní sáà yẹn, kò sí ẹni tó jẹ tó o nínú líìgì. Kí ọdún 2010 tó parí, ó ti wà ní Họ́láǹdì. Ahmed Musa nìyẹn, ẹni tó jẹ góòlù méjì sí Argentina ní 2014, tí gbogbo wa ń fò sókè nínú ilé ìwòran. Àwọn tó ń lọ sí Kofar Mata ti rí i kí ayé tó rí i. Wọ́n rí i níbi tí èèyàn ti lè pe orúkọ rẹ̀ kó yíjú padà.

Ẹ ní ti Hausa nìyẹn? Ó dáa. Rashidi Yekini ńkọ́? Kaduna ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá, ọmọ àwọn tó wá wá oúnjẹ wá sí òkè Ọya bíi tiwa yìí náà. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilé iṣẹ́ aṣọ, UNTL, ní Kaduna ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí Shooting Stars n'Íbàdàn. Ẹni tó jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà ní ife àgbáyé, ní 1994, tó di àwọ̀n mú tó ń sunkún, ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ló ti jáde. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló dúró létí pápá ní Kaduna nígbà yẹn tó ń pe orúkọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀? Tí gbogbo wọn bá ti jókòó sílé pé ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ò tó ohun tí èèyàn ń wò, ta ni ì bá rí i?

A mọ ọmọ kan ládùúgbò wa, ìyá rẹ̀ ń ta ata. Ẹlẹ́sẹ̀ òsì ni. Tó bá gba bọ́ọ̀lù lórí yẹ̀pẹ̀, àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró wò ó. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan pe àwọn ọ̀dọ́ jọ pé àwọn fẹ́ ṣa àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, ẹnì kankan ò gbọ́ nínú wa. Etí pápá ni wọ́n ti kéde rẹ̀, a ò sì sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la gbọ́, lẹ́nu ọmọ Hausa kan tó ń ti kúrà nínú ọjà. Ọmọ ọlọ́ta yẹn ń wa Adaidaita Sahu báyìí. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé wọ́n fi ẹ̀yà dù ú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ta ló dù ú? Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé.

Àwọn kan á tún ní: ṣebí "Sai Masu Gida" ni wọ́n ń pe Pillars, àwọn onílé. Onílé ni wọ́n, ayálégbé ni wá, kí la ń wá lọ síbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn wá jù, torí ẹnu àwọn tó kọ́lé méjì mẹ́ta ní Kano ló ti máa ń jáde. Ẹ gbọ́, láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé ìlú yìí ni àwọn baba wa ti ń bọ̀ níbí. Yoruba Road wà ní Sabon Gari, kì í ṣe Ìbàdàn ló wà. A ti sin òkú síbí, a ti ṣe ìsọmọlórúkọ tí a ò lè kà síbí. À ń san owó orí fún ìjọba Kano, ìjọba Kano ló sì ń gbọ́ bùkátà Pillars. Èèyàn á dá owó sí oúnjẹ, á wá lóun ò ní jẹ níbẹ̀, á tún dúró síta máa sọ pé wọn ò pe òun. Tí wọ́n bá ń kọ "Masu Gida", àwọn tó wà nínú ilé ló ń kọ ọ́. Ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé, orúkọ wo ni kí wọ́n pè é?

Ọjọ́ kan ṣoṣo wà tí a máa ń rántí ọ̀nà Kofar Mata, ìyẹn ọjọ́ tí Shooting Stars tàbí Remo Stars bá wá. Ìyẹn náà dáa. Shooting ló kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì ní 2025, a yọ̀, ó yẹ ká yọ̀. Àmọ́ ẹni tí wọn ò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, tó wá yọ lọ́jọ́ àlejò, tó lọ jókòó ti àlejò, ojú wo la fẹ́ kí àwọn aládùúgbò wa fi wò ó?

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ní òótọ́ nínú, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní October 2025, Shooting Stars wá sí Kofar Mata, wọ́n ta ọ̀mì, àwọn kan ya wọ pápá, wọ́n ṣe àwọn agbábọ́ọ̀lù àlejò léṣe. Líìgì bu owó ìtanràn lé Pillars, wọ́n yọ nínú máàkì wọn, wọ́n sì lé wọn lọ máa gbá eré ilé wọn ní Katsina. Kò sí àwáwí kankan fún ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn, ìwà jàǹdùkú gbáà ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé torí Yorùbá ni wọ́n ṣe lù wọ́n. Katsina United, ará òkè Ọya bíi tiwọn, rí wàhálà níbẹ̀ ní 2022. Ohun tó ń fà á ni ìgbàgbọ́ kan tó ti ba líìgì wa jẹ́ káàkiri Nàìjíríà, pé ẹgbẹ́ tó bá gbá nílé ò gbọdọ̀ pàdánù, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ ta ọ̀mì. Tó bá ta ọ̀mì, rẹfirí ló gba owó.

Ẹ wá wò ó dáadáa, ìyá kan náà ló bí ìyẹn pẹ̀lú tiwa. Àwọn yẹn ní Pillars ò gbọdọ̀ ta ọ̀mì nílé láéláé. Àwa ní àfi kó gbá bíi Barcelona ká tó dé ibẹ̀. Àwọn fi òkúta sọ tiwọn, àwa fi ẹ̀yìn kọ ọ́ sọ tiwa. Kò sí èyí tó ń bá ẹgbẹ́ náà tún nǹkan ṣe nínú méjèèjì. Pápá tó bá jẹ́ kìkì gìrìpá ọmọkùnrin ló kún ibẹ̀, tí kò sí bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ dání, tí kò sí àgbà tó lè sọ pé "ó tó o", ibẹ̀ ni òkúta ti máa ń fò. Àwọn tó ní àgbà ò sí, ìlú bàjẹ́, bóyá wọ́n ti dé pápá bọ́ọ̀lù rí.

Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa náà ní tiwọn láti ṣe, a ò ní fi gígùn sọ ọ́. Kí wọ́n kéde ọjọ́ eré dé ibi tí àwa náà á ti gbọ́. Kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ fún bàbá, ìyá àtọmọ. Kí ọlọ́pàá wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, kì í ṣe kí wọ́n wá di òǹwòran. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ká dúró dìgbà tí gbogbo rẹ̀ á gún, àwọn ọmọ wa á ti dàgbà tán sínú ilé ìwòran.

Eré ilé tó bá kàn ní Kofar Mata, Ọjọ́ Àìkú, ẹnu ọ̀nà ọjà Sabon Gari la ti máa pàdé, aago mẹ́ta, kì í ṣe aago mẹ́ta Yorùbá o. Kí olúkúlùkù mú ọmọ kan dání, ọmọ rẹ̀ ni o, ọmọ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni o. Jẹ́sì Chelsea àti Arsenal, ẹ fi í sílé lọ́jọ́ yẹn. Tí wọ́n bá nà wọ́n, a ó pàtẹ́wọ́ fún wọn. Tí wọ́n bá ta ọ̀mì, a ó pàtẹ́wọ́, a ó wọkọ̀ padà sílé. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ àti iye ọmọ tó ń mú bọ̀ sísàlẹ̀ níbí, ká lè mọ iye tíkẹ́ẹ̀tì tí a máa rà. Láti ìlà ṣọ́ọ̀bù tiwa, èèyàn mẹ́sàn-án ti fi orúkọ sílẹ̀, obìnrin méjì wà nínú wọn.