Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ àti Owó Tí Ó Ṣẹ́kù

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá wọlé tí ilé-ìwé sì ṣí, ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ẹnu-ọ̀nà ilé-ìwé Ìjọba kọjá ní òwúrọ̀ kì í ṣàìrí àwọn ọmọ tí a lé síta. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò tó nǹkan: ọ̀kan kò ní aṣọ ilé-ìwé, èkejì kò tíì san owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ̀kẹta kò rí owó ìwé ìdánwò mú wá. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń fi ẹnu wí pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò, nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ wà ní ọwọ́ yín ju bí ẹ ti rò lọ.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 pàṣẹ pé ọdún 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún 3 àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé girama gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé Ìjọba, kí ó sì jẹ́ ọ̀ranyàn fún gbogbo ọmọ. Ẹni tí ó bá gba owó-ilé-ìwé lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò san ìtanràn tí kò ju Náírà 10,000 lọ, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 3. Bí a bá ní kí a mú gbogbo ẹni tí ó ti rú òfin yìí, ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ní gbà wọ́n. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé a kì í pè é ní owó-ilé-ìwé mọ́. Owó àga ni, owó ọlọ́dẹ ni, owó ìdàgbàsókè ni. Orúkọ yàtọ̀, àpò kan náà ni ó ń ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ná àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ ìyà ọmọ tálákà, nítorí pé bàbá rẹ̀ kú ní 1920 nígbà tí òun ṣì kéré, ó sì ní láti máa ṣe iṣẹ́ kékeré kiri kí ó tó lè kàwé. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí ọwọ́ òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ ní 1952, wọ́n sì bu owó lé àwọn asan-owó-orí kí a lè rí i ṣe. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn. Àgbẹ̀ ń bèèrè pé ta ni yóò bá òun ro oko bí gbogbo ọmọ bá gba ilé-ìwé lọ. Oníṣòwò ń kùn pé òun kò lè sanwó kí ọmọ ẹlòmíràn kàwé. Nígbà tí a dìbò fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ alátakò ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn, nínú ilé Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ilẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ tí wọ́n jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954 di 811,000 ní ọdún kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá ń wí pé tálákà kò fẹ́ kí ọmọ òun kàwé, kí ó fi oye méjèèjì yìí sí iwájú rẹ̀, kí ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ wí.

Àwa kò wí pé ètò náà pé pérépéré. A gé ọdún 8 ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù sí 6, olùkọ́ tí a kò tíì kọ́ níṣẹ́ pọ̀, nígbà tí ọmọ bá sì jáde, yóò tún bá owó sísan pàdé níwájú. Ó di 1979 kí àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún, èyíinì ni Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bẹ́ndẹ́lì, tó sọ ilé-ìwé girama di ọ̀fẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí bàtà ti ń ta tálákà lẹ́sẹ̀ lónìí kì í ṣe iye owó nìkan. Àkókò tí a ń bèèrè rẹ̀ ni. Owó tálákà ń wọlé ní díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ilé-ìwé sì ń bèèrè ti rẹ̀ ní odidi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù kẹsàn-án ni aṣọ, ìwé, bàtà àti owó orí-ò-jorí máa ń dé pọ̀, nígbà tí owó kòkó tí ó pọ̀ kì í dé ọwọ́ àgbẹ̀ títí oṣù kẹwàá yóò fi wọlé. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà yóò yan ọ̀kan tí yóò lọ, àwọn méjì yóò dúró “títí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀”. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ náà a di oṣù, ọmọ a gbé àtẹ, ó sì ti rí owó. Bí ọmọbìnrin bá wà nínú wọn, òun ni a kọ́kọ́ ń dá dúró.

Ta ni ń ra ọjà lórí àtẹ yẹn? Àwa náà ni. Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìṣirò, ọmọ ọdún 9 ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ wa pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, a sì ń pe ara wa ní aláàánú nítorí pé a kò gba ṣéńjì. Inú ilé àwa ọlọ́rọ̀ ńkọ́? Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti ìletò, tí a ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé a óò rán an ní ilé-ìwé, òun ni ó ń gbé báàgì ọmọ wa dé ẹnu géètì, tí ó sì ń padà sílé láti fọ abọ́. Ìwà yìí kò dára rárá.

Àwọn kan máa ń dáhùn pé gbogbo ọmọ kò lè di akọ̀wé, kí ọmọ tálákà lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. A ti ṣàkíyèsí pé ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í fi ọmọ tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Iṣẹ́ ọwọ́ ní iyì, ṣùgbọ́n káfíńtà ń ka ìwọ̀n, mẹkáníìkì ń ka ìwé ọkọ̀, télọ̀ sì ń gba iṣẹ́ lórí fóònù. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ ka ọdún 9 tí òfin fún un, kí ó tó yan.

Àwa ń bẹ ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà pé kí olúkúlùkù ọjà dá èésú ilé-ìwé sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ṣáájú oṣù kẹjọ. Náírà 100 lójúmọ́ fún ọjọ́ 300 di Náírà 30,000 (bí ó bá ṣe pé alájọ ni ẹ gbé e fún, yóò yọ ti rẹ̀, kò sí ẹni tí ń rìn kiri lásán). Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ kọ gbogbo owó tí ẹ ń gbà sára pátákó níta kí òbí lè rí i. Èyí tí òfin kò bá gbà, ẹ pa á rẹ́. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, ẹ gbà á ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì lé ọmọ síta nítorí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ń fi orúkọ ẹgbẹ́ yín sára géètì tuntun, tí ẹ sì ń dá aṣọ ẹbí fún ọjọ́ ìṣílé, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé iye ọmọ tí kò rí owó ìdánwò àṣejáde san ní ọdún yìí, kí ẹ tó pe kọ́ńtírákítọ̀.